Bí mo ṣe gbé ṣọ́ọ̀bù aṣọ òkè Àǹtí mi jáde lórí Google

Sátidé kan ni ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ ṣègbéyàwó wọ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí mi ní Balógun, òógùn ti bò wọ́n. Ìyá náà ò tíì jókòó tó fi sọ pé, “Ẹ̀yin la ti ń wá láti àárọ̀ o! Ọmọ yìí tẹ orúkọ yín sí Google títí, kò rí nǹkan kan. Ọpẹ́lọpẹ́ alábàárù kan tó mọ̀ yín.” Àǹtí mi fún wọn lómi tútù, wọ́n tajà fún wọn, wọ́n sì fi àdúrà sìn wọ́n jáde. Ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù dá ni wọ́n kọjú sí mi.

“Ṣebí a ní wẹ́bùsáìtì? Ṣebí owó la fi ṣe é?”

Mi ò lè fọhùn. A ní in lóòótọ́, èmi ni mo sì dá a lábàá. Ó ti lé lọ́dún kan tí a ti sanwó fún ẹnì kan láti bá wa ṣe é. Ó dára lójú, àwòrán kún inú rẹ̀, nọ́ńbà WhatsApp wa wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe ní Yábàá, mi ò kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Lóru ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo tẹ “site:” sínú Google, mo wá lẹ àdírẹ́sì wẹ́bùsáìtì wa mọ́ ọn láìfi àyè sílẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, àwọn ojú ewé tí Google mọ̀ nípa wẹ́bùsáìtì náà ni yóò kó jáde. Ẹyọ kan ò yọ. Mo rò pé mo ṣi àdírẹ́sì kọ, mo tún un tẹ̀. Òfo náà ni.

Ìgbà yẹn ló yé mi pé a ò tíì dé ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ipò kìíní tàbí ipò ogún. Google ò mọ̀ wá rí. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Googlebot, òun ló ń gba ojú líǹkì ti ojú ewé kan bọ́ sí òmíràn, bí ẹni tó ń ti ìsọ̀ kan dé ìsọ̀ kejì. Èyí tó bá kà tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kó o sínú àkójọ. Nígbà tí ẹ bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ Google, inú àkójọ yẹn ló ti ń fa ìdáhùn yọ. Kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá sí nínú àkójọ, kò lè bá ẹnikẹ́ni du ipò.

Kí ló wá fà á? WordPress, ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe wẹ́bùsáìtì, ni wọ́n fi ṣe tiwa. Nínú ètò rẹ̀, ní abẹ́ Reading, àpótí kékeré kan wà tí a lè fi àmì sí láti sọ fún Google àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má kó wa sílé. Àwọn tó ń ṣe wẹ́bùsáìtì a máa fi àmì sí i nígbà tí iṣẹ́ ò tíì parí, ìyẹn ò burú. Tiwa parí, wọ́n gbowó, wọ́n gbàgbé àmì síbẹ̀. Odidi oṣù 14 la fi pàtẹ ọjà sínú ilé tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì.

Yíyọ àmì náà ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Dídé ibi tí mo ti lè yọ ọ́ ló gba ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí ọwọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ni páswọ̀ọ̀dù wà, orúkọ rẹ̀ ló sì fi ra àdírẹ́sì wẹ́bùsáìtì náà. Mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́, mo tún pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó fún irú iṣẹ́ yìí, orúkọ yín àti ímeèlì tiyín ni kí wọ́n fi rà á. Ẹ gba páswọ̀ọ̀dù yín kí ẹ tó san owó tó kù. Mi ò mọ nǹkan tó dùn mí tó èyí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn èyí ni mo forúkọ sílẹ̀ fún Google Search Console, ibi tí Google ti ń fi han ẹni tó ni wẹ́bùsáìtì bí òun ṣe rí i àti ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n fún mi ní ọ̀rọ̀ gígùn kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ DNS wẹ́bùsáìtì wa (àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí àdírẹ́sì wa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì), ìyẹn ni wọ́n fi gbà pé àwa la ni ín. Mo fi sitemap ránṣẹ́, ìyẹn fáìlì tó to gbogbo ojú ewé wa lẹ́sẹẹsẹ, mo sì ní kí wọ́n wá yẹ ojú ewé àkọ́kọ́ wò. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, a sì yọ. Agogo mọ́kànlá alẹ́ ti lù, síbẹ̀ mo pe Àǹtí mi.

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n wá ní, “Ẹni tí kò mọ orúkọ mi ńkọ́? Ẹni tó jẹ́ pé sányán ló ń wá?”

Mo tẹ sanyan, mo fi Lagos kún un. Mo wo ojú ewé kìíní, mo wo ìkejì, mo wò ó dé ìkẹfà. A ò sí níbẹ̀. Mo wá padà sórí wẹ́bùsáìtì tiwa láti wá ọ̀rọ̀ náà, àyà mi já: kò sí sányán níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí ẹtù, kò sí àlàárì. “Home” ni àkọlé gbogbo ojú ewé. Ẹ káàbọ̀ la kọ síbẹ̀, a sì kọ ọ́ pé ọjà wa dára jù. Ìyókù, àwòrán ni. Báwo ni Google ṣe fẹ́ mọ ohun tí a ń tà?

Ibi tí iṣẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, kì í sì í ṣe orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ṣe é. Sátidé mẹ́ta ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìdúmọ̀tà láàárọ̀, mo fẹsẹ̀ rìn dé Balógun, mo jókòó sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú jọ́tà kan. Ohun tí oníbàárà bá ti ẹnu sọ, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. “Ẹ ní sányán tí kì í gún ara?” “Èló ni gèlè, ìborùn àti fìlà lápapọ̀?” “Ogún la jẹ́, ṣé ẹ lè bá wa hun àwọ̀ kan náà?” Baba kan tó ní ará Ìsẹ́yìn lòun ò dárúkọ aṣọ òkè rárá, òfì ló ń pè é títí ó fi lọ. Mo rò pé iye owó ni wọ́n máa ń béèrè jù. Rárá o. “Ọ̀sẹ̀ mélòó ló máa gbà?” ló pọ̀ jù nínú jọ́tà mi, nítorí ọjọ́ ìnáwó ti sún mọ́ gbogbo wọn.

Ní Sátidé kejì, ọmọbìnrin kan ń bá Àǹtí mi jiyàn pé ẹlòmíràn ń ta sányán ní ìdajì owó tiwa. Àǹtí mi ò bínú. Wọ́n fa aṣọ kan yọ nísàlẹ̀ àpótí, wọ́n ní kí àwa méjèèjì fi àtàǹpàkò rà á. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì díẹ̀ sí. Kì í dán. Òwú rẹ̀ nípọn níbì kan, ó fẹ́lẹ́ níbòmíràn, ìka wa ń mọ̀ ọ́n bó ṣe ń kọjá. “Ti ìyá mi nìyí. Ara kòkòrò inú igbó ni òwú yìí ti wá.” Wọ́n wá tẹ́ tuntun kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ó ń dán, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. “Òwú òkè òkun nìyí. Àwọ̀ sányán ni, sányán kọ́. Mò ń ta méjèèjì, mi ò sì ní purọ́ fún ẹ.” Wọ́n yíjú sí mi: “Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sórí nǹkan rẹ yẹn.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe kọ ọ́. Sányán ní ojú ewé tirẹ̀, mo ya àwòrán aṣọ méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ní ìtòsí, débi pé òwú rẹ̀ hàn. Ẹtù àti àlàárì náà ní tiwọn. Mo ṣe ọ̀kan fún iye ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ máa ń gbà, òmíràn fún àwọn tó fẹ́ hun fún ẹbí. Mi ò fa ọ̀rọ̀ kan náà tẹ̀ léra bí ẹni ń pọfọ̀. Google ka ìyẹn sí ẹ̀tàn. Àpótí “meta keywords” náà wà, tí òǹkàwé kì í rí, tí àwọn kan ṣì ń kó ọ̀rọ̀ sí: láti ọdún 2009 ni Google ti sọ gbangba pé àwọn kì í lò ó láti fún ẹnikẹ́ni nípò.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn gbà mí ní ìrònú. Ẹni tó ń wá aṣọ lórí fóònù nínú dánfó ò ní máa wá àmì sábẹ́ s. Search Console fi han mí bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́: aso oke, asooke, aso-oke, aso ofi. Síbẹ̀ mi ò gbà kí a tìtorí èyí kọ Yorùbá bíbàjẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ohun ìní Yorùbá. Mo kọ ọ́ láìlámì nínú àkọlé àti àdírẹ́sì ojú ewé, mo sì kọ ọ́ pé pérépéré nínú ọ̀rọ̀ tí ènìyàn máa kà. Méjèèjì bára wọn gbé.

Àwòrán ò gba àkókò púpọ̀. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n, bí fóònù ṣe yà wọ́n ni wọ́n ṣe wà, ọ̀pọ̀ ń wọn mẹ́gábáìtì 5. Mo sọ wọ́n di WebP, irú fáìlì àwòrán tí kì í wúwo, mo dín ìkọ̀ọ̀kan kù sí abẹ́ kílóbáìtì 200, mo kọ ohun tó wà nínú àwòrán sí alt rẹ̀, ìyẹn àpèjúwe tí Google lè kà. Ohun tó hàn lórí fóònù ni Google ń fi díwọ̀n wẹ́bùsáìtì báyìí, ó sì fẹ́ kí ohun tó tóbi jù lójú ewé ti yọ kí ìṣẹ́jú àáyá 2.5 tó pé. Tiwa tí mo ti máa ń dúró dè kí ó ṣí ní Ìdúmọ̀tà, títẹ̀ ló kù báyìí.

Máàpù náà ṣe pàtàkì, nítorí Balógun kì í ṣe ibi tí nọ́ńbà ilé ti ń ran àlejò lọ́wọ́. Mo forúkọ wa sí Google Business Profile, ibi tí a ti ń fi ṣọ́ọ̀bù hàn lórí máàpù Google. Wọ́n ní kí a fi fídíò ṣe ẹ̀rí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì, mo gba àárín àwọn tó ń pàtẹ kọjá, mo ya pátákó wa, Àǹtí mi fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ìlẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ láìdá fídíò dúró. Lẹ́yìn tí wọ́n gbà á, Àǹtí mi fẹ́ máa fún ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ dáadáa nípa wa ní fìlà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe é: òfin Google ò gba kí a fi ẹ̀bùn ra ọ̀rọ̀ oníbàárà. A kàn ń sọ fún wọn nígbà tí wọ́n bá ń lọ pé, “Ẹ bá wa kọ ohun tí ẹ rí.”

Àárín ìgbà yìí ni ọkùnrin kan kọ̀wé sí wa lórí WhatsApp pé òun á so líǹkì 500 mọ́ wa, a ó dé ipò kìíní láàárín ọjọ́ méje. Owó ti wà lọ́wọ́ Àǹtí mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí Larry Page àti Sergey Brin wà ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ohun tó gbé Google wọn yọ ní 1998 ni pé wọ́n ka líǹkì sí ẹ̀rí: bí ojú ewé kan bá tọ́ka sí tiyín, ó ń jẹ́rìí yín, ẹ̀rí ẹni iyì sì wúwo ju ti ẹni tí a ò mọ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀rí. Ní 2012 ni Google gbé ètò tí wọ́n pè ní Penguin jáde láti rẹ irú wọn sílẹ̀.

“Ẹlẹ́rìí èké ló fẹ́ bá wa kó wá nìyẹn,” ni Àǹtí mi wí, wọ́n sì dá owó padà sínú báàgì.

Àwọn tó mọ̀ wá ni mo lọ bẹ̀. Alága ìjókòó kan tó ní wẹ́bùsáìtì kọ̀wé nípa ibi tí ìyàwó tó ṣe ètò fún ti ra aṣọ. Ayàwòrán kan ní Súrùlérè fi líǹkì wa sábẹ́ àwòrán tó yà. Mẹ́rin péré la rí ní oṣù mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òtítọ́.

Ní oṣù kẹrin, ẹni tó bá tẹ sanyan àti Lagos ń rí wa lójú ewé kìíní. Ìbéèrè nípa iye ọ̀sẹ̀ náà mú ènìyàn wá ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹni tó bá tẹ aso oke nìkan, ojú ewé kẹta ló ti máa rí wa. Àwọn tó ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀ níwájú wa, a ṣì ń bọ̀.

Jọ́tà ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ̀ Àǹtí mi ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí owó, àwọn fúnra wọn ló ń kọ ọ́. Lánàá ni wọ́n pè mí pé ẹni mẹ́ta ló ti béèrè lọ́sẹ̀ yìí bí wọ́n ṣe ń fọ ẹtù kí aró rẹ̀ má baà ṣí, wọn ò sì tíì rí ibì kan tí mo kọ ìyẹn sí. Wọ́n ní kí n wá ní Sátidé, kí n mú fóònù tó ń ya àwòrán dáadáa dání, àwọn á fọ ọ̀kan lójú mi.