Rélùwéè kékeré tó máa wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é

Ẹni tó bá ń gbé fúláàtì oníyàrá kan ní Lọ́ńdọ̀nù bíi tèmi, kó má tan ara ẹ̀ pé òun máa ṣe rélùwéè tó ń yí po yí po bíi ti inú ṣọ́ọ̀bù. Àyè ò sí, ká tiẹ̀ ní àyè wà, tó bá ti yípo lẹ́ẹ̀ogún ó ti sú yín nìyẹn. Irú tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, rélùwéè ìṣeré téèyàn fi ń ṣeré ká fi ẹ́ńjìnnì to wágọ̀n tẹ̀ léra ni, Inglenook Sidings lorúkọ ẹ̀, Alan Wright, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, ló gbé e jáde. Irin mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì kan, wágọ̀n mẹ́jọ, ó parí. Irin kan gba wágọ̀n márùn-ún, méjì tó kù gba mẹ́ta mẹ́ta, ọrùn ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fà á sẹ́yìn sì gba ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú wágọ̀n mẹ́ta, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pátákó tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó fẹ̀ ní 30, gbà á pátá.

Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní OO ni mo lò, ìyẹn ni pé nǹkan tó gùn ní mítà 76 lójú ayé máa di mítà kan, àárín irin méjèèjì sì jẹ́ mílímítà 16.5. Òun ló pọ̀ jù ní Britain, torí náà tòkunbọ̀ ẹ̀ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Kí onímọ̀ ìṣirò kankan má wá bá mi jà o, mo mọ̀ pé irin àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mílímítà 1435, tẹ́ ẹ bá pín in sí 76 ó yẹ kó lé ní 18, irin OO há jù, a ti gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ rélùwéè ilé lẹ fẹ́, èyí àtijọ́ tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, mílímítà 1067 nìyẹn, ẹ ra irin N tó jẹ́ mílímítà 9 kẹ́ ẹ wá fọwọ́ ara yín ṣe ara ọkọ̀ ní ìwọ̀n 1:120, ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu rẹ́gí. Àmọ́ iṣẹ́ ńlá ni, ẹ kọ́kọ́ fi tòkunbọ̀ mọwọ́ ná.

Pátákó la máa kọ́kọ́ kàn. Plywood mílímítà 6 lókè, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n bá yín gé e ní ṣọ́ọ̀bù torí ẹ̀rọ wọn máa ń gé tààrà ju ayùn ọwọ́ lọ. Ẹ fi èyí tó nípọn ní mílímítà 9, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 7, yí i ká lábẹ́, kí wáyà ríbi sá sí. Orí àti ìdí pátákó náà, ẹ jẹ́ kó ga sókè bíi sẹ̀ǹtímítà 20, kẹ́ ẹ wá de igi pẹlẹbẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lókè níbẹ̀. Ibẹ̀ lẹ máa dì mú tẹ́ ẹ bá ń gbé e, kò ní jẹ́ kẹ́ńjìnnì já bọ́ náà. Àwọn kan máa ń gé tiwọn sí méjì kó lè ká, èmi ò ṣe é, ojú ibi tí irin ti pàdé yẹn wàhálà ni.

Ẹ má tíì lẹ nǹkan kan o. Ẹ to irin àti ìyànà méjèèjì, ìyẹn ibi tí irin kan ti pín sí méjì, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní point, sórí pátákó bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wá to wágọ̀n yín gan-an sórí ẹ̀. Wágọ̀n kan máa ń jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 8 sí 9 pẹ̀lú ìkọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ wọn tiyín. Ìyànà àkọ́kọ́ pín irin wágọ̀n márùn-ún sọ́tọ̀, ìkejì ló pín àwọn oní-mẹ́ta-mẹ́ta. Tó bá ti bára mu, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà, ẹ wá lẹ̀ ẹ́. Ìyànà tí iléeṣẹ́ Peco ń ṣe ní spring nínú, ìka lẹ máa fi tì í, ẹ má fowó ṣòfò lórí mọ́tò.

Wáyà méjì péré ni. Láti ara kọ̀ǹtúrólà oní-12 volt, ìyẹn ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń darí ẹ́ńjìnnì, ẹ jó o pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì mọ́ irin méjèèjì níbi ọrùn yẹn, kó tó dé ìyànà àkọ́kọ́, ìyànà fúnra ẹ̀ láá máa gbé iná lọ síbi tẹ́ ẹ bá kọjú ẹ̀ sí. Irú ìyànà tí wọ́n ń pè ní Insulfrog ló rọrùn jù, àmọ́ ike wà láàárín ẹ̀, ẹ́ńjìnnì oní-táyà mẹ́rin máa ń kú lórí ẹ̀. Ẹ ra oní-mẹ́fà.

Ó kan òkúta wẹ́wẹ́ àárín irin, ibi tí mo ti jìyà nìyí. Ẹ dà á ní gbígbẹ pẹ̀lú ṣíbí tíì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tò ó, ẹ fín omi tẹ́ ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ sí díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa kán gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà tẹ́ ẹ pò mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì. Ẹ jìnnà síbi tí irin ìyànà ti ń mì! Mo kán tèmi síbẹ̀, mo lọ sùn, nígbà tílẹ̀ mọ́ ó ti le koko bí ẹ̀kọ àná, igi ìtayín ni mo fi ń yọ ọ́ títí di ọ̀sán. Gọ́ọ̀mù tó bá kan orí irin, ẹ nù ún kíá, ìgbà tó bá gbẹ kẹ́ ẹ wá fi isopropyl alcohol nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i, torí tórí irin bá dọ̀tí ọkọ̀ ò ní rìn.

Ilẹ̀ àti igbó ò le. Ewé tíì tẹ́ ẹ ti mu tẹ́ ẹ sì sá gbẹ máa ń jọ yẹ̀pẹ̀, páálí kọ́nfíléèkì máa ń ṣe ilé dáadáa.

Eré wá yá. Ẹ kọ orúkọ wágọ̀n mẹ́jọ sórí páálí kéékèèké, ẹ pò ó pọ̀, kí ẹnì kan fa márùn-ún bó bá ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́. Bó ṣe fà á tẹ̀ léra lẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ to wọn sórí irin gígùn yẹn. Ọ̀nà 6,720 ló lè gbà jáde, ọmọ mi ti fa èyí tó mú mi jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ gbé wágọ̀n, magomágó nìyẹn o.