Òkú Tó Jẹ Àmàlà ní Orí Kẹrìnlá

₦38,000 ni mo san ní Agbowó láti tẹ ìtàn àròsọ mi jáde, ojú ìwé 212, ẹ̀dà mẹ́ta. Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Bódìjà ló kọ́kọ́ kà á. Ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, Àlàbí tí omi Ògùnpa gbé lọ ní orí kẹsàn-án, ṣé àkúdàáyà ẹ̀ ló ń jẹ àmàlà níbi ìgbéyàwó ní orí kẹrìnlá ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa á. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. ₦38,000!

N kì í ṣe ìlapa èrò. Èyí tí wọ́n fi yọ wá lẹ́nu lórí àròkọ nílé ìwé ti tó mi. Àbúrò mi ní tirẹ̀ kì í kọ gbólóhùn kan láìmọ ibi tí ìwé máa parí sí. Ó ní tóun bá fẹ́ wọ mọ́tò ní Mọ́kọlá, òun á kọ́kọ́ bi dírẹ́bà pé ibo ló ń lọ. Ó ní kí n fi páálí to ìtàn náà. Ó dáa, mo gé páálí 31, orí kan lórí páálí kan, mo tò wọ́n sílẹ̀ ní pálọ̀. Ìyẹn ò le.

Orí kẹsàn-án ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo kọ sórí páálí ni pé Àlàbí ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ ń ti ilé ìwé bọ̀, òjò dé. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni omíyalé Ògùnpa ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ n'Ìbàdàn. Mo wo kàlẹ́ńdà ọdún yẹn lórí fóònù: ọjọ́ Àìkú! Ọmọ wo ló ń ti ilé ìwé bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú? Kí sì ni Àlàbí, tí mo ti fi sẹ́gbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì láti orí kejì, ń wá ní ṣọ́ọ̀bù?

Mo sún un sọ́jọ́ Ajé. Àbúrò mi ní àwọn tí omi gbé ẹrù wọn lọ ṣì wà láyé, wọ́n á bú mi. Mo yọ ṣọ́ọ̀bù kúrò, orí kẹwàá dà wó. Inú bí mi, mo pa gbogbo ẹ̀ tì, títí ìyàwó mi fi gbá páálí náà jọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọ̀dọ̀ télọ̀ tèmi ni ojú mi ti là. Ó ti gbowó aṣọ mi tipẹ́. Mo bá a nídìí maṣínní lọ́jọ́ Àìkú kan, okùn ìwọnṣọ lọ́rùn, kò lè wò mí lójú. Háà! Gbèsè aṣọ ẹbí! Àlàbí ti gbowó àwọn èèyàn, ó ti ná an, ló ṣe sá fún ìsìn ìrọ̀lẹ́ wá ránṣọ. Omi dé, ó padà wọlé nítorí aṣọ olówó. Mo wá fa ìgbéyàwó orí kẹrìnlá mọ́ ọn: wọ́n ṣe é láìsí aṣọ ẹbí, láìsí Àlàbí. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí orí yìí níbikíbi.

Tí n bá tún bẹ̀rẹ̀, màá kọ ọ́ bó ṣe wá ná, kí n tó wá ṣe páálí: ọjọ́ wo ni, ta ló ṣì wà láàyè. Mo tún ń fi "nítorí" sáàárín orí méjì. Tí kò bá wọ̀ ọ́, ọ̀kan ò wúlò. Orí mẹ́rin ni mo fi yọ. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ̀dà kan ni kẹ́ ẹ tẹ̀.

Àbúrò mi ní páálí òun ló ṣiṣẹ́. Mo ní télọ̀ mi ni. Kò tíì gbé aṣọ náà wá.