Ẹ̀yin ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ẹ yẹ kídìnrín wò

Ọ̀kun o gbogbo ilé. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà nínú wa, tẹ́ ẹ bá ti dé ọsibítù ní Kàbà, ẹ ní kí wọ́n wo ìtọ̀ yín bóyá purotéènì wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ wo creatinine (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kídìnrín máa ń sẹ́ dànù), torí àìsàn kídìnrín kì í pariwo níbẹ̀rẹ̀, èèyàn á ṣì máa kọ ebè iṣu, ìgbà tẹ́sẹ̀ bá fi máa wú, ó ti wọra. Ìtọ̀ tó ń hó bí ọṣẹ lójoojúmọ́, ẹ má fi ṣeré o. Diclofenac tá à ń gbé mì ṣáá torí ẹ̀yìn ríro náà ń ba kídìnrín jẹ́ (àgbo inú ìgò tá ò mèèlò ẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn gan-an lẹ̀rù ń bà mí sí). Téèsì ò bá dáa, ẹ má sá, wọ́n á tún téèsì náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i tó bá tó oṣù 3 kó tó dájú pé àìsàn kídìnrín ni.