Kànga Inú Ọ̀gbẹlẹ̀

Kànga tí a kọ́kọ́ gbẹ́ sí abúlé bàbá mi, oṣù kẹsàn-án la gbẹ́ ẹ. Òjò ti fi omi rin ilẹ̀, a ò tíì ju ẹsẹ̀ bàtà 14 lọ tí omi fi sun. Ayọ̀ wa kún. Nígbà tó máa fi di oṣù kìíní, erùpẹ̀ gbígbẹ ló kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó ń gbé abúlé, tún padà sí odò. Mo bá wọn lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi kalẹ̀, wọ́n di orúnkún mú, wọ́n ń mí hẹlẹ. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé a ó gbẹ́ òmíràn, pé inú ọ̀gbẹlẹ̀ gan-an la ó sì gbẹ́ ẹ, nígbà tí omi ilẹ̀ bá ti sá lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Omi tí o bá bá ní oṣù kẹta, kò ní sá fún ọ mọ́.

Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn, ni mo ti ń ránṣọ. Mi ò lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ àti Sátidé, torí ìgbà yẹn làwọn oníbàárà ń wá gba aṣọ òde. Ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun ni mo yà sọ́tọ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo ń wọ máíkírà lọ sí Òjòó, kí súnkẹrẹ fàkẹrẹ Sángo tó bẹ̀rẹ̀. Láti Òjòó, ó di Mọ́níyà, ó di ọ̀nà Ìṣẹ́yìn, lẹ́yìn náà ọ̀kadà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ní 2021, tí reluwé ń dé Mọ́níyà, ilé ń jẹ oko lọ níbẹ̀. Ó ń dùn mí, àmọ́ ibẹ̀ náà ni mo ti rí sìmẹ́ńtì rà nítòsí.

Bàbá agbẹ́kànga ò tíì jókòó tí wọ́n fi béèrè pé, "Ìyá, níbo ni ṣáláńgá yín wà?" Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni Bàbá Kékeré fẹ́ kí kànga wà, kò sì tó ẹsẹ̀ bàtà 40 sí ṣáláńgá. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n: "Ẹ má bínú sí mi, Bàbá. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ ń bá abẹ́ ilẹ̀ rìn." Wọ́n dákẹ́ títí, kí wọ́n tó fi ọ̀pá júwe abẹ́ igi ọsàn lókè. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n, ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 100.

Yangí pupa la kọ́kọ́ bá, ó le koko. Lábẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ funfun tó ń dán díẹ̀díẹ̀ wà. Orí àpáta ni Ìbàdàn jókòó sí, inú ilẹ̀ tó ti jẹrà lórí àpáta yìí sì ni omi kànga wa sábà máa ń sùn sí.

Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú kànga, bàbá agbẹ́kànga á kọ́kọ́ so fìtílà títàn mọ́ okùn, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ bàtà 27, iná rẹ̀ rẹlẹ̀, ó kú. Ẹnikẹ́ni ò wọlé. Wọ́n ká ẹ̀ka igi eléwé, wọ́n so ó mọ́ okùn, wọ́n ń sọ ọ́ sísàlẹ̀, wọ́n ń fà á sókè, títí afẹ́fẹ́ fi dé ibẹ̀ tí fìtílà ò kú mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yẹn gan-an.

Ní ẹsẹ̀ bàtà 31, omi dé. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní kí a gbé ẹ̀rọ apomi oníbẹntiróòlù sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, torí tó bá wà lókè, kò lè fa omi tó jìn ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ. Bàbá agbẹ́kànga kọ̀ jálẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín ẹ̀rọ náà ń pa èèyàn nínú ihò, kò sì ní òórùn tí yóò kìlọ̀. Korobá la fi gbọ́n ọn, ọjọ́ méjì gbáko, a sì tún gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà wọ inú omi.

Ríìngì, òrùka kọnkéré tí a fi ń gbé ògiri kànga ró, ló dùn mí jù. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n mọ ọ́n, mi ò sì sí ńbẹ̀. Iyanrìn tí wọ́n fi pò ó pọ̀ jù, méjì là nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀. Mo san owó àpò sìmẹ́ńtì méjì mìíràn, mo fi aṣọ oníbàárà mẹ́ta lé ọmọ iṣẹ́ mi lọ́wọ́, mo sì jókòó ti ìpopọ̀ tuntun fúnra mi: sìmẹ́ńtì 1, iyanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4. Ọjọ́ méje ni Bàbá Kékeré fi ń bu omi wọ́n ọn, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. A da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀, a mọ ẹnu rẹ̀ ga dé ìbàdí, a fi ìdérí irin onígádágodo sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, bí mo ṣe ń wọn aṣọ fún ẹnìkan, Bàbá Kékeré pè mí. Okùn ni wọ́n ní kí n rà bọ̀, èyí tó nípọn, torí àwọn ará abúlé kejì náà ti ń wá pọnmi, okùn àkọ́kọ́ sì ti já.