Ìtọ́jú abo bóà tó lóyún, láti ìgbà tí akọ bá gùn ún títí ọmọ yóò fi bọ́ awọ

Bóà, ejò ńlá tó jọ erè, kì í yé ẹyin kó ká mọ́ ọn bíi ti erè. Inú rẹ̀ lọmọ ń dàgbà sí, ààyè ló sì ń bí wọn. Ejò kò sì ní ooru tirẹ̀ lára. Ibi tó bá sùn sí ló ń mú un gbóná. Ẹ pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí i pé bí àgò rẹ̀ bá ṣe gbóná tó lọmọ inú rẹ̀ ṣe ń gbóná tó, tọ̀sán tòru, fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Tí oyún bóà bá bàjẹ́, ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Kí akọ tó wọlé

Ẹ má fi akọ sọ́dọ̀ abo tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin tàbí tí gígùn rẹ̀ kò tíì tó mítà 1.8. Àwọn ìran kúkúrú wà tí kì í gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí àti ìsanra ni kí ẹ fi wo tiwọn. Ẹ fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀: eegun ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ yọ gànnàkù, ọ̀rá kò sì gbọ́dọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Abo tó sanra jù a máa ní ìṣòro nígbà ìbí ju èyí tí ara rẹ̀ le dáadáa lọ. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ìwọ̀n yẹn lẹ ó fi mọ ìgbà tí ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ìbí. Àkókò yìí náà ni kí dókítà ẹranko yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò fún aràn, kí ẹ sì gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ iná-ara. Tó bá ti lóyún tán, oògùn apakòkòrò kò yẹ nínú àgò rẹ̀ mọ́.

Ìtutù díẹ̀ ló ń ta wọ́n jí fún gígùn. Ẹ dín ooru òru kù díẹ̀díẹ̀ sí 22 tàbí 24°C fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ooru ọ̀sán wà bó ṣe wà, kí ẹ wá gbé akọ wọlé. Ẹ má bọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá wà pọ̀.

Ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀

Nígbà tí ẹyin bá ń já bọ́ nínú abo, àárín ara rẹ̀ á wú gbọn-gbọn bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé eku ńlá mì, bẹ́ẹ̀ kò jẹ nǹkan kan. Wíwú yìí kì í sábà ju ọjọ́ kan lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi í rí i. Ẹ kọ ọjọ́ náà, kí ẹ sì gbé akọ kúrò.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ á ṣú bíi wàrà, á sì bọ́ awọ. Bíbọ́ awọ yìí ni ìbẹ̀rẹ̀ kíkà. Láti ọjọ́ náà, ìbí sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 105. Ó lè yá díẹ̀, ó sì lè pẹ́ dé 120. Tó bá bọ́ awọ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ẹ máa retí ọmọ ní nǹkan bí ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n kí àgò ti wà ní sẹpẹ́ láti ọjọ́ kẹrin oṣù náà. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í kà ni kí wọ́n mú bíbọ́ awọ lásán fún ti oyún. Tí ẹ kò bá rí wíwú ṣáájú, ẹ kọ gbogbo ìgbà tó bá bọ́ awọ sílẹ̀, kí ẹ má fi ọkàn sórí ẹyọ kan.

Ẹ má sì sọ pé kò lè lóyún torí pé ẹ kò rí gígùn. Ní 2010, àyẹ̀wò DNA fi hàn pé abo bóà kan bí àwọn ọmọ tí kò ní bàbá rárá, gbogbo wọn sì jẹ́ abo.

Ooru

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan àgò wà ní 31 sí 33°C, kí ẹ̀gbẹ́ kejì wà ní 26 sí 27. Ní òru, kí ẹ̀gbẹ́ tó tutù má lọ sísàlẹ̀ 24. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣe pàtàkì: abo tó lóyún mọ ìgbà tó yẹ kó yáná àti ìgbà tó yẹ kó sá fún un, àmọ́ kò lè yan ohun tí kò sí níbẹ̀. Àgò tó gbóná yíká kò fún un níbi ìsádi. Tí ooru bá kọjá 35 tí kò sì rí ibi sá sí, ọmọ lè kú sínú, tàbí kí wọ́n bí i pẹ̀lú eegun ẹ̀yìn tó wọ́. Tí ó bá tutù jù, oyún á pẹ́, àwọn ọmọ á sì wá láìlágbára.

Ẹ má lo gílóòbù tàbí ẹ̀rọ amóoru kankan láìsí tẹmọ́sítáàtì, ohun tó ń tan ooru tó sì ń pa á fúnra rẹ̀. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an ni wáyà kékeré tí tẹmọ́sítáàtì fi ń mọ ooru. Abo tó wúwo á fara gbé e, wáyà á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó tutù, ẹ̀rọ á rò pé àgò kò tíì gbóná, á sì máa jó lọ. Ẹ kan wáyà náà mọ́ ara àgò ní ibi tí ejò ń sùn gan-an. Ẹ fi tẹmọ́mítà mìíràn tì í, kí ẹ máa wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ fi wáyà alápẹ̀rẹ̀ bo gílóòbù, torí ejò tó ń wá ooru lè wé mọ́ ọn títí ara rẹ̀ yóò fi jó.

Tí iná bá lọ, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àgò, kí ẹ fi aṣọ wé ìgò omi gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wákàtí díẹ̀ nínú ìtutù kò léwu tó wákàtí díẹ̀ nínú ooru àpọ̀jù.

Ẹ óò rí i tó lọ́ra lábẹ́ iná, ikùn rẹ̀ funfun sókè, ìpẹ́ rẹ̀ fẹ̀ síra débi pé awọ àárín wọn hàn. Bó ṣe ń gbé ooru fún àwọn ọmọ nìyẹn. Ẹ fi ìka kàn án jẹ́jẹ́: èyí tí ara rẹ̀ dá á yí padà. Èyí tí kò lè dojú kọlẹ̀, tó ń gbé orí sókè bí ẹni ń wo òfuurufú, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó lọ lọ́jọ́ náà. Àwọ̀ rẹ̀ náà lè dúdú sí i. Kò léwu.

Oúnjẹ, omi, ìfọwọ́bà

Ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹun títí wọn yóò fi bímọ. Ẹ má fi tipá bọ́ ọ. Èyí tó bá ṣì ń bèèrè oúnjẹ, ẹ fún un ní eku tó kéré tó ìdajì èyí tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ dáwọ́ dúró nígbà tó bá ku oṣù kan. Ikùn tó kún fún ọmọ kò láyè fún eku ńlá, ó sì lè pọ̀ ọ́.

Omi kò gbọ́dọ̀ tán, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀rinrin inú àgò kí ó wà láàárín 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún.

Láti oṣù kejì lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá di dandan láti gbé e, kí ènìyàn méjì gbé e, kí gbogbo ara rẹ̀ wà lórí ọwọ́; ẹ má fà á láti àárín, ẹ má sì tẹ ikùn rẹ̀ wò láti ka ọmọ. Síkáànù lọ́dọ̀ dókítà ló ń ṣe ìyẹn láìsí ewu.

Ọjọ́ ìbí

Láti nǹkan bí ọjọ́ 95, ẹ kó igi gíga kúrò, ẹ tẹ́ bébà sílẹ̀, ẹ fi àwo pẹlẹbẹ rọ́pò abọ́ omi jíjìn kí ọmọ má bàa rì. Ẹ wá ihò kiri: ibi tí ìka yín bá gbà, ọmọ bóà á gbà á. Ìgbà tí ìyá bá kúrò níbi iná tó ń rìn káàkiri, tó ń gbé ìrù sókè, ọjọ́ ti súnmọ́. Òru tàbí ìdájí ni wọ́n sábà máa ń bí, ọmọ sì lè tó 10, ó lè lé ní 50.

Ẹ má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Inú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń jáde, imú ni wọ́n fi ń ya á. Èyí tó bá ń mira ṣùgbọ́n tí kò rí i ya lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 15, ẹ fi ìka tútù ya àpò náà níbi imú nìkan. Tí okùn ìwọ́ àti pupa ẹyin bá ṣì rọ̀ mọ́ ikùn rẹ̀, ẹ má gé e, ẹ má fà á. Ẹ gbé ọmọ sórí tíṣù tútù nínú ike tó gbóná tó 28 sí 30°C. Ìwọ́ náà á gbẹ, á já fúnra rẹ̀.

Àwọn nǹkan rubutu aláwọ̀ ìyeyè tó rí bí ìda máa ń bá ọmọ jáde: ẹyin tí kò di ọmọ ni. Díẹ̀ níbẹ̀ kò burú. Èyí tó burú ni èyí tó kù sínú. Tí ìyá bá ń rọbí fún ọjọ́ kan gbáko tí nǹkan kan kò jáde, tí kókó bá ṣì wà ní apá ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn ìbí, tí ẹran pupa bá yọ níbi ihò ìdí, tàbí tí omi tó ń rùn bá ń jáde, dókítà ló kàn. Ẹ má fi ọwọ́ ti kókó náà jáde, inú lè ya.

Lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ìyá, kí ẹ pààrọ̀ gbogbo ohun tó wà nínú àgò, torí òórùn ìbí lè mú kó máa bu ènìyàn jẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fún un ní eku kékeré, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kò gbọ́dọ̀ rí akọ títí ó kéré tán ìgbà kan tí wọ́n ń gun ara wọn yóò fi kọjá, tí ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì fi padà sí èyí tí ẹ kọ sílẹ̀.

Àwọn ọmọ á bọ́ awọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ fi kálukú sínú ike tirẹ̀ kí ó tó jẹun àkọ́kọ́, ẹ̀líri kékeré kan, kí méjì má bàa di ẹran kan náà mú.