Àṣìṣe 422 lórí FastAPI lẹ́yìn tí Pydantic kúrò ní 1 bọ́ sí 2

Lórí FastAPI (irinṣẹ́ Python fún kíkọ́ API), endpoint (ojú ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà wọlé) POST /onibara tó ti ń gba JSON wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dá 422 padà, ìyẹn ni pé dátà tó wọlé kò bá ohun tí endpoint ń retí mu. Èsì náà fúnra rẹ̀ ti tọ́ka sí ibi tó ń dun ún: "type": "missing", "loc": ["body", "foonu"]. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ka loc (ibi tí àṣìṣe wà) kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù.

Inú model (kíláàsì tí Pydantic, irinṣẹ́ Python tó ń yẹ dátà wò, ń lò láti mọ bí dátà ṣe yẹ kó rí) ni wàhálà wà: foonu: Optional[str]. Bí ẹni tó fi dátà ránṣẹ́ kò bá kọ foonu, Pydantic 1 á fi None (òfo) síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Pydantic 2 kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí Optional ń sọ ni pé None lè wọlé. Kò sọ pé ẹ lè fo foonu. Ìlà kan péré ló tún un ṣe:

foonu: Optional[str] = Field(default=None, max_length=14, description="Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234")

Ẹ tún uvicorn (sáfà tó ń gbé FastAPI ṣiṣẹ́) tàn, kí ẹ ṣí /docs (ojú ewé àlàyé API yín): ìràwọ̀ pupa ẹ̀gbẹ́ foonu, tó ń sọ pé ó pọn dandan, á ti lọ, àlàyé yẹn á sì ti hàn.

Tó bá jẹ́ PATCH (ìbéèrè tó ń yí apá kan dátà padà), model_dump(exclude_unset=True) ni kí ẹ lò; àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, None á pa nọ́ńbà tó ti wà nílẹ̀ rẹ́.