Bí A Ṣe Ń Kó Ẹranko Ọmọlangidi Ńláńlá Jáde ní Ìwọ́de Àdúgbò

Nínú gbogbo ìwọ́de ẹranko ńlá tí mo ti rí tó dàrú, kò sí èyí tó dàrú nínú ọgbà tí wọ́n ti kọ́ ẹranko náà. Ojú títì ni gbogbo wọn ti dàrú, níwájú àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń dúró láti àárọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣa páálí kan ṣoṣo jọ, ẹ kọ́kọ́ lọ rin ọ̀nà tí ìwọ́de yóò gbà.

Ẹ rìn ín ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, nítorí pé wáyà iná máa ń fà, ó sì máa ń rọ̀ wálẹ̀ nígbà tí ooru bá mú un. Ẹni tó bá lọ wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ẹ wá ọ̀pá gbígbẹ kan tó ga tó ẹranko yín nígbà tí ó bá wà léjìká ẹni tí yóò gbé e. Ẹ má ṣe gbé ọ̀pá yìí lọ sábẹ́ wáyà rárá. Ẹ nà án ró létí títì níbi tí kò sí wáyà lókè, kí ẹnì kan lọ dúró lókèèrè níbi tí ọ̀pá àti wáyà yóò ti jìnnà sí i bákan náà, kí ó sì fojú wọ̀n ọ́n. Bí àlàfo tó wà láàárín ṣóńṣó ọ̀pá àti wáyà kò bá tó mítà 3, ẹ yí ọ̀nà padà tàbí kí ẹ gé ẹranko náà kúrú. Ní tèmi, ẹranko tó bá ga ju mítà 3 lọ kì í bá mi jáde. Àgùnfọn nìkan ni mo máa ń yọ̀ǹda fún, ìyẹn bí ọrùn rẹ̀ bá ní oríkèé tí a lè fi okùn fà wálẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ẹnì kan yóò wà láàárín yín tí yóò sọ pé kò sí ìyọnu, pé òun yóò mú igi dání láti máa fi gbé wáyà sókè, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ọkọ̀ àjàgbé ti máa ń ṣe. Ẹ má gbà fún un. Mo wà níbi ìwọ́de kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti fi ọparun tútù gbé wáyà kí etí erin lè kọjá. Wọ́n ti fi dá a lójú pé wáyà tẹlifóònù àtijọ́ lásán ni. Iná ṣẹ́ yẹ̀rì lórí wa, ọwọ́ rẹ̀ sì bó. Omi ń bẹ nínú ọparun tútù, iná sì ń gba inú omi kọjá. Ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ tó ń pín iná lágbègbè yín ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí wọ́n lè pa iná títì náà. Síbẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ pa á, ẹ máa ṣe bí ẹni pé iná ṣì wà lórí wáyà, nítorí pé jẹnẹrétọ̀ ilé ẹnì kan tí wọn kò so dáadáa lè dá iná padà sórí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ọlọ́pàá.

Kíkọ́ ẹranko kò le. Ní ìpínlẹ̀ Maranhão ní Bràsíl, níbi tí wọ́n ti ń ṣe eré akọ màlúù tí wọ́n ń pè ní bumba meu boi, imọ̀ ọ̀pẹ kan tí wọ́n ń pè ní buriti ni wọ́n fi ń ṣe egungun màlúù náà nítorí pé ó fúyẹ́, wọ́n á sì fi aṣọ àrán oníṣẹ́ bò ó. Àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl padà wá sí Èkó àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) mú irú eré ẹranko bẹ́ẹ̀ wálé. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pá imọ̀ ògùrọ̀ àti pankẹ́rẹ́ ni ẹ lò. Irin kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Rọ́bà inú táyà ọ̀kadà tí a là tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń di oríkèé, nítorí pé ó lágbára ju okùn ọjà lọ, àwọn tó ń lẹ táyà sì máa ń fi tọrẹ. Páálí fíríìjì ló dára jù fún ara ẹranko, ìwé àpò sìmẹ́ǹtì ni kí ẹ fi bò ó, ṣùgbọ́n ẹ gbọn ìyẹ̀fun rẹ̀ dànù níta, kí ẹ sì bo imú. Ẹ má fowó ṣòfò lórí gọ́ọ̀mù: ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ tí àwọn aládìrẹ ń sè tó, bí ẹ bá fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i kí ó má baà tètè bàjẹ́. Ohun tí ẹnì kan yóò gbé kò gbọ́dọ̀ wúwo ju ìdá kan nínú mẹ́rin àpò sìmẹ́ǹtì kílò 50 lọ. Férémù báàgì ẹ̀yìn tó ti gbó, tí a fi fóòmù sí léjìká, ni ẹ so ó mọ́.

Etí erin àti ìyẹ́ ẹyẹ ni afẹ́fẹ́ máa ń mú bí ẹni mú ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Mo ti rí erin tó yí ẹni tó gbé e po lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbé e ṣubú sínú gọ́tà. Àwọ̀n ẹ̀fọn tí a kùn ní ọ̀dà ni kí ẹ fi ṣe wọ́n, kí afẹ́fẹ́ lè là á kọjá. Bí òjò oṣù kẹrin bá ṣú, ẹ kó gbogbo wọn wọlé; páálí tútù kì í padà bọ̀ sípò.

Nígbà tí agbo ẹranko ọmọlangidi tí wọ́n ń pè ní The Herds, tí wọ́n fi páálí àti pátákó pẹlẹbẹ ṣe, gba Èkó kọjá ní ọdún 2025 láti Kinshasa lọ sí ìhà àríwá ayé, àwọn ará ìlú tí wọ́n ti kọ́ ní bí a ṣe ń gbé ẹranko wà lára àwọn tó ń gbé wọn rìn. Ẹ̀yin náà, ẹ fi ọjọ́ mẹ́rin ó kéré tán kọ́ àwọn tí yóò gbé ẹranko tiyín. Ẹni mẹ́ta ni fún ẹranko kan: ẹnì kan nínú rẹ̀, ẹnì kan níwájú tó ń rìn sẹ́yìn láti jẹ́ ojú fún un, àti ẹnì kan tí yóò gbà á lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Ẹranko tó lọ́ra jù ni kó ṣáájú. Kí àwọn onílù má lu bàtá títí ẹ ó fi dé pápá, nítorí pé bí bàtá bá dún, ẹni tó wà nínú erin yóò gbàgbé ohun tó gbé. Dùndún jẹ́jẹ́ ni kí wọ́n lù lójú títì.

Bí ẹ bá dé pápá, ẹ tú orí ẹranko kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó lọ jẹun, nítorí pé kí ẹ tó bu jọ̀lọ́ọ̀fù tán, àwọn ọmọdé yóò ti gùn ún.